Adìẹ Tí Kò Tà, Tó Ń Padà Sílé: Ẹ̀kọ́ Lórí Ọjà Wa Nígbà Àrùn Bird Flu

Ẹ̀kọ́ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn aládìẹ nìkan. Ẹni tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ adìẹ, ẹni tó ń ta ẹyin, ẹni tó ń ta oúnjẹ adìẹ, olóúnjẹ tó ń wá ra adìẹ lọ́wọ́ wa láàárọ̀, gbogbo wa lọ̀rọ̀ kàn. Bí wọ́n bá dé láti ti ọjà pa, wọn ò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tó ń tà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2006 ni ìjọba kéde pé àrùn bird flu, irú èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní H5N1, ti wọ ilẹ̀ yìí. Oko adìẹ ńlá kan ní Jaji, ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná, ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, Nàìjíríà ló sì ṣáájú gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà nínú ọ̀ràn náà. Irú ipò kìíní tí ẹnikẹ́ni kì í jó sí nìyẹn. Kí ọdún 2008 tó parí, àrùn náà ti dé ìpínlẹ̀ 25 àti Àbújá, Ìpínlẹ̀ Ògùn wa sì wà nínú wọn. Adìẹ tó lé ní mílíọ̀nù kan ló bá a lọ. Lẹ́yìn náà ó lọ sinmi, àwọn èèyàn rò pé ó ti tán. Ní oṣù Kìíní ọdún 2015 ló tún padà dé, ní Kánò àti ní Èkó. Ti Èkó, inú oko kọ́ ni wọ́n ti rí i, ọjà adìẹ ní Onípanu ni. Kò pẹ́ rárá tó fi wọ Ògùn. Ní ọdún 2021 ó tún yọjú nílẹ̀ Nàìjíríà, nígbà tó sì di ìparí ọdún 2024 wọ́n tún rí i ní Kánò.

Ẹ wo àwọn oṣù yẹn dáadáa. Oṣù Kejìlá, oṣù Kìíní, oṣù Kejì. Ìgbà ọyẹ́ ni, ìgbà tí àwọn ẹyẹ ilẹ̀ òkèèrè ń sá fún òtútù wá sí ọ̀dọ̀ wa. Ìgbà yẹn gan-an náà sì ni Kérésì àti ọdún tuntun, tí adìẹ ń rìn láti oko dé ọjà, láti ọjà kan dé òmíràn, nínú mọ́tò, lórí ọ̀kadà, nínú búùtù. Ìgbà tí owó wa ń wọlé jù ni àrùn náà ń rìn jù. Ibi tí a sì wà tún dá kún un. Mowe àti Ibafo wà lójú títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, Ìfọ̀ wà lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta. Èkó ń rà lọ́wọ́ wa, àwọn oko tó wà lẹ́yìn wa ń tà fún wa, tòkè tilẹ̀ ló sì ń gba àárín wa kọjá. Ohun tó bá ṣe Onípanu lónìí, kò ní í pẹ́ tó fi dé ẹnu ọ̀nà wa.

Àrùn yìí kì í sì í pa adìẹ nìkan. Ní oṣù Kìíní ọdún 2007, ọmọbìnrin ẹni ọdún 22 kan kú ní Èkó, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí àyẹ̀wò fi hàn ní Nàìjíríà pé bird flu ló pa á. Adìẹ tí wọ́n rà, tí wọ́n tu ìyẹ́ rẹ̀, tí wọ́n fọ inú rẹ̀ nílé, ni ìwádìí tọ́ka sí. Kì í ṣe ẹran tó jinná ló ṣe é. Adìẹ tó bá jinná dénú egungun kò ní àrùn yìí mọ́, ẹyin tó bá jinná bẹ́ẹ̀ náà ni, ẹ sì lè fi ọkàn balẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà. Ọwọ́ tó ń tu ìyẹ́ àti imú tó ń fa èéfín omi gbígbóná ìyẹ́ náà símú ni ewu wà fún.

Ibo wá ni àrùn náà ń gbé? Inú ìgbẹ́ adìẹ ni, inú itọ́ rẹ̀ àti ikun imú rẹ̀. Nínú ìgbẹ́ tó tutù, tó wà níbi òjìji, ó lè wà láàyè fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Bàtà ń gbé e, táyà mọ́tò ń gbé e, kéèjì ń gbé e. Pẹ́pẹ́yẹ lè ní in lára kó máa jẹun, kó máa mì ìdí bí ẹni pé kò sí nǹkan kan, kó sì kó o ran gbogbo adìẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń ṣe. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ń sin adìẹ àràmọ̀ǹdà fẹ́ràn láti máa kó wọn jọ fún àfihàn, kí adájọ́ wò wọ́n, kó fún èyí tó dára jù ní ẹ̀bùn. Nígbà tí bird flu bá gbòde, ìjọba ń dá irú àfihàn bẹ́ẹ̀ dúró. Kódà nígbà tí ó bá rọlẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kó ẹyẹ jọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ kí ìjọba mọ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, kó sì tẹ̀lé àwọn ìlànà tí wọ́n fún un. Ní Amẹ́ríkà, ní Ìpínlẹ̀ Iowa, wọn ò gba ẹyẹ kankan láàyè níbi ìpàtẹ ńlá ọdọọdún wọn ní ọdún 2015, ọdún tí àrùn náà run oko adìẹ lọ́tùn-ún lósì níbẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé, kí ló kàn wá nínú àfihàn òyìnbó? A ò ṣáà ń fún àkùkọ ní ẹ̀bùn níbí. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Kí ló mú àfihàn léwu? Kì í ṣe pípé tí adìẹ pé jọ nìkan. Ohun tó burú ni pé lẹ́yìn tí wọ́n ti mí sí ara wọn lára tán, olúkúlùkù á gbé tirẹ̀ padà sílé, sí àárín àwọn tí kò jáde rárá. Ọjà kan ṣoṣo á wá di ogún ilé. Adìẹ tí wọ́n rà tí wọ́n sì pa lọ́jọ́ náà, ó ti parí ìrìn tirẹ̀. Èyí tí kò tà, tí ìyá gbé padà sí ẹ̀yìnkùlé lálẹ́, tó tún gbé wá lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, tàbí tó gbé láti Ibafo lọ sí Ìfọ̀ pé bóyá á tà níbẹ̀, òun ni adìẹ àfihàn tiwa. Òun sì ni ìdí ẹ̀kọ́ yìí.

Hong Kong ló kọ́ gbogbo ayé ní ẹ̀kọ́ yìí, owó ńlá ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Ní ọdún 1997 àrùn náà mú èèyàn 18 níbẹ̀, mẹ́fà kú. Kí oṣù Kejìlá ọdún náà tó parí, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í pa gbogbo adìẹ tó wà nílùú, ó lé ní mílíọ̀nù kan. Nígbà tí wọ́n tún ṣí ọjà, ọjà kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Wọ́n yọ pẹ́pẹ́yẹ kúrò láàárín adìẹ, ibòmíràn ni wọ́n ti ń pa á. Láti ọdún 2001, wọ́n fi ọjọ́ ìsinmi kan sínú oṣù: lọ́jọ́ náà kò gbọdọ̀ sí ẹyẹ alààyè kankan nínú ọjà, ìsọ̀ gbogbo á ṣófo, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ. Nígbà tó yá wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù. Àwọn onímọ̀ tó ń yẹ ìgbẹ́ adìẹ wò níbẹ̀ rí i pé àrùn dín kù lẹ́yìn ọjọ́ ìsinmi. Ní ọdún 2008, wọ́n tún pa á láṣẹ pé adìẹ alààyè kankan kò gbọdọ̀ sùn sínú ọjà mọ́jú. Ẹ kíyè sí i pé ọjà kò parẹ́. Wọ́n ṣì ń ta adìẹ.

Ẹ sì jẹ́ ká mú èyí tó sún mọ́ ọ̀dọ̀ wa ní ti ọjọ́. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 2025, Gómìnà Ìpínlẹ̀ New York pàṣẹ kí gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ta adìẹ alààyè ní ìlú New York àti àwọn àdúgbò tó yí i ká ti ilẹ̀kùn, nítorí wọ́n rí àrùn náà lọ́nà méje nínú àwọn ọjà ní Queens, Bronx àti Brooklyn. Ọjà tí kò tilẹ̀ ní àrùn náà ní láti ta gbogbo ẹyẹ tó wà nílẹ̀ tán, kó fọ gbogbo ibẹ̀, kó fi ó kéré tán ọjọ́ márùn-ún wà láìsí ẹyẹ, kí wọ́n sì wá bẹ̀ ẹ́ wò kó tó ṣí. Ọjọ́ márùn-ún! Ẹni tó ń san àjọ ojoojúmọ́ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ó sàn kí àwa fúnra wa máa ti ọjà adìẹ fún ọjọ́ kan lóṣù, lọ́jọ́ tí a yàn, tí a ti mọ̀ sílẹ̀, ju kí ẹlòmíràn wá tì í fún wa lọ́sẹ̀ Kérésì.

Báwo ni ọjọ́ ìsinmi náà ṣe máa rí? Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ọjọ́ tí ó ṣáájú rẹ̀, a ò ní í gba adìẹ tuntun láti oko mọ́, èyí tó wà nílẹ̀ la ó máa tà. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lálẹ́, ká pa á, ká tà á ní píparẹ̀ fún àwọn olóúnjẹ, kódà bí èrè rẹ̀ bá dín. Kò gbọdọ̀ sí ìsọ̀ kan tí á sọ pé méjì péré ló kù sọ́wọ́ òun, kí wọ́n jọ̀ọ́. Bí ìsọ̀ mẹ́sàn-án bá ṣófo tí ìkẹwàá ní adìẹ, a ò tíì sinmi, nítorí àrùn náà ti rí ilé tó máa sùn sí. Lówùúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi, ìgbẹ́ ló ṣáájú: ká há a, ká gbá a, ká kó o jọ sínú àpò, ká sin ín. Lẹ́yìn náà ọṣẹ àti omi pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì. Ìgbà tó bá mọ́ tán la tó ń da omi jíìkì sí i. Àwọn kan máa ń da jíìkì lé ìgbẹ́ lórí, òórùn á gbà gbogbo ọjà, wọ́n á ní àwọn ti pa àrùn. Owó ni wọ́n dànù. Ìgbẹ́ ń gba agbára jíìkì, kì í jẹ́ kó dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí oòrùn lu kéèjì gbogbo títí tó fi máa gbẹ, nítorí oòrùn kì í gbowó.

Kéèjì onígi àti àgò tí a fi ọparun hun ṣòro láti fọ̀, nítorí ìgbẹ́ ń wọ inú ihò wọn. Ẹni tó bá ní agbára, kó máa fi onírin tàbí oníke rọ́pò wọn díẹ̀díẹ̀. Bákan náà ni kírèètì ẹyin. Ẹ̀yin ẹlẹ́yin, ẹ gbọ́ eléyìí o. Kírèètì onípéèpà tó ti oko kan wá, tí a kó ẹyin inú rẹ̀ tà, tí a tún dá padà sí oko mìíràn pẹ̀lú ìgbẹ́ lára, oko mélòó ló ń bẹ̀ wò láàárín oṣù kan? Kò ṣeé fọ̀. Oníke ṣeé fọ̀. Kírèètì onípéèpà tó bá ti dọ̀tí, ká sun ún.

Pẹ́pẹ́yẹ, tòlótòló, awó àti adìẹ kò gbọdọ̀ gbé inú kéèjì kan náà, pẹ́pẹ́yẹ ní pàtàkì gbọ́dọ̀ jìnnà sí àwọn yòókù. Ibi tí wọ́n ti ń pa adìẹ tí wọ́n ń tu ìyẹ́ náà kò gbọdọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ alátà tàbí ẹléfọ̀ọ́, kí ẹ̀jẹ̀ má máa ta sí ohun tí ẹlòmíràn máa jẹ ní tútù. Àwọn ọmọ tó ń bá wa tu ìyẹ́ fún owó kékeré, kí wọ́n di imú, kí wọ́n fi ọṣẹ fọwọ́, kí ẹni tí ọ̀bẹ gé lọ́wọ́ má sì ṣe iṣẹ́ náà títí ojú egbò á fi jinná. A ò fẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́wàá máa ṣe é rárá.

Ní ti adìẹ tí kò tà ní ọjọ́ ọjà lásán, ọ̀rọ̀ ṣòro, a ò ní í parọ́ pé kò ṣòro. Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ la lè pa gbogbo rẹ̀. Bó bá máa padà sílé, kó má padà sí àárín àwọn tó wà nílé. Kó ní ibi tirẹ̀, ká kọ́kọ́ bọ́ àwọn ti ilé ká tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ká pààrọ̀ bàtà, kó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Gbígbé e láti ọjà kan sí òmíràn nígbà tí àrùn bá ti wà lágbègbè, ẹ jẹ́ ká fòpin sí i pátápátá.

Ó wá ku ibi tó le jù. Oníbàárà dé, ó wo adìẹ kan, ó ní, "Ìyá, kí ló dé tí eléyìí ń tòògbé?" Ìyá dáhùn, "Oòrùn ló mú un jàre, ọmọ mi, bó bá mu omi tán á jí." Gbogbo wa ti gbọ́ ọ rí. Adìẹ tó ń tòògbé lè jẹ́ oòrùn lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ lúkúlúkú tí a ti mọ̀ tipẹ́. Bí ojú bá wú, tí ogbe orí rẹ̀ ń di aró, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ àmì pupa, tí èyí tó jẹun láàárọ̀ kú kó tó di ọ̀sán, tí òmíràn tún tẹ̀ lé e, ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín lúkúlúkú àti bird flu. Àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ ọ́, ilé ìwádìí àrùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, ní Ìpínlẹ̀ Plateau, ni wọ́n sì ti ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Abẹ́rẹ́ lúkúlúkú tí oko ti fún adìẹ kò ní í dáàbò bò ó lọ́wọ́ bird flu. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn tan yín jẹ.

Kí ló máa ń mú kí ìyá kan yára ta adìẹ tó ń ṣàìsàn? Kì í ṣe ìkà. Owó àjọ ni, owó kọpuréétífù ni, owó ilé ìwé ọmọ ni. Ó mọ̀ pé bó bá pariwo, wọ́n á pa gbogbo rẹ̀. Ó sì ti gbọ́ pé ní ọdún 2006, náírà 250 ni ìjọba ní àwọn máa san lórí adìẹ kan, tí kò sún mọ́ iye tí à ń tà á. Òótọ́ ni, owó náà kéré, ó sì pẹ́ kó tó dé ọwọ́ àwọn kan. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun kan tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Adìẹ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá bá láàyè tí wọ́n sì pa ni wọ́n ń sanwó lé. Èyí tó ti kú kí wọ́n tó dé, àti èyí tí a ti sáré tà, kò sí owó lórí wọn. Nítorí náà ẹni tó tètè sọ, ó ṣeé ṣe kó rí nǹkan gbà. Ẹni tó pa á mọ́ kò ní í rí nǹkan kan. A ò ní kí ẹnikẹ́ni gbójú lé owó ìjọba o, nítorí kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń wá. Òfin lórí àrùn ẹran sì ti wà láti ọdún 1988 pé ẹni tó bá fura sí irú àrùn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún ìjọba.

Ohun tí a ń dábàá nìyí, kí àwọn ẹ̀ka sì gbé e yẹ̀ wò: ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fúnra rẹ̀ jáde wá sọ pé adìẹ òun ń kú, kí ẹgbẹ́ dá owó ìsọ̀ rẹ̀ dúró fún oṣù kan, kí àpò ìrànlọ́wọ́ wa yá a lówó láìsí èlé, kí ẹnikẹ́ni má sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tàbí pe ìsọ̀ rẹ̀ ní ìsọ̀ àrùn. Ẹni tí wọ́n bá mú pé ó mọ̀ ọ́n mọ̀ tà á, kí ó san ìtanràn. Bí a bá fi ìtanràn nìkan ṣe é láìsí ìrànlọ́wọ́, wọ́n á kàn máa fi pamọ́ dáadáa sí i ni.

Òkú adìẹ, ẹ má jù ú sí ẹ̀bá títì, ẹ má jù ú sódò, ẹ má fún ajá. Ẹ má sì fọwọ́ lásán gbé e. Ẹ fi nylon bo ọwọ́, ẹ kó o sínú nylon méjì, ẹ dì í, ẹ gbé e jìnnà sí èèyàn, kí ẹ ránṣẹ́ sí dókítà ẹran ní ìjọba ìbílẹ̀. Fún Mowe àti Ibafo, Ọbáfẹ́mi-Owódé ni, Òwódé Ẹ̀gbá sì ni oríkò rẹ̀. Fún Ìfọ̀, Ìfọ̀ níbẹ̀ náà ni. Bí wọ́n bá fẹ́ mú un lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n á sọ. Bí wọn ò bá fẹ́, kí ẹ sin ín jìnnà sí kànga, nínú ihò tó jìn tí ajá kò lè hú.

Ó ku ìwé kékeré kan. Kí akọ̀wé ọjà kọ̀ọ̀kan ní ìwé tí á máa kọ ọ́ sí: ọjọ́ wo ni adìẹ dé, oko wo ló ti wá, mélòó ni, ìsọ̀ ta ló gbà á. Bí àrùn bá yọ, ìwé yẹn ló máa jẹ́ kí wọ́n lè sọ pé láti oko báyìí ló ti wá, ìsọ̀ mẹ́ta ló dé, kí wọ́n má baà ti gbogbo ọjà torí pé ẹnikẹ́ni kò lè dáhùn ìbéèrè.

Ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan mú ọjọ́ tí ó yàn fún ìsinmi wá. Ẹ má jẹ́ kí Mowe àti Ibafo yan ọjọ́ tó yàtọ̀ síra, nítorí wọ́n súnmọ́ ara wọn, adìẹ tí wọn ò gbà ní Mowe lónìí á kàn gun mọ́tò lọ sí Ibafo ni. Ìfọ̀ lè yan tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kí ẹ jíròrò bóyá oṣù Kejìlá gba ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, kí ẹ sì sọ ta ni yóò máa bẹ ìsọ̀ wò lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Kí àwọn tó ń ta ọṣẹ, jíìkì àti búrọ́ọ̀ṣì náà má ṣàì wá, a fẹ́ bá wọn nájà.